Ẹjọ́ Léèsì Tí A Ò Lọ Yẹ̀ Wò

Adjamé, Abidjan
Ọjọ́ kẹjọ, oṣù Kìíní, ọdún 2025

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ sì kú ọyẹ́. Mátíásì, dẹ́rẹ́bà bọ́ọ̀sì wa, ní ọyẹ́ tọdún yìí le ní Ẹ̀jìgbò ju ti èṣí lọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wọ ṣúẹ́tà tí mo fi rán an sí yín, ẹ má tọ́jú rẹ̀ sínú àpótí de Iléyá. Ara wa le níbí. Kàdíjà ti ń ka ìwé Faransé fún mi báyìí, èmi ìyá rẹ̀ á jókòó, á máa tẹ́tí bí ẹni tó ń gbọ́ wàásù. Ó ní kí n bi yín léèrè bóyá lóòótọ́ ni ewúrẹ́ yín mọ orúkọ ara rẹ̀.

Bàbá, ọ̀rọ̀ tí kò ṣeé sọ lórí fóònù ni mo fẹ́ bá yín sọ. Àfi kí n pariwo kí ẹ tó gbọ́ mi, bí mo bá sì pariwo, gbogbo ọmọ Ẹ̀jìgbò tí à ń jọ gbé ilé kan náà níbí á gbọ́. Ìdí nìyẹn tí mo fi mú bírò.

Ilé ìwé kan wà níbí tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn ọmọdébìnrin níṣẹ́ ọwọ́. Wọ́n ń wá ẹni tí á máa kọ́ wọn ní aṣọ rírán. Mo lọ, mo rán bùbá kan lójú wọn. Obìnrin tó jẹ́ ọ̀gá ilé ìwé náà yí i síta, ó yí i sínú, ó ní èmi gan-an ni àwọn ń wá. Iṣẹ́ oṣù ni o, Bàbá. Kàdíjà á máa kàwé níbẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, èmi náà á sì sinmi gbígbé ẹ̀rọ ìránṣọ lérí kiri ọjà.

Ṣùgbọ́n ẹni tó bá máa wà pẹ̀lú ọmọ ọlọ́mọ gbọ́dọ̀ mú ìwé wá láti ọ̀dọ̀ ọlọ́pàá ìlú rẹ̀, pé kóòtù kò dá a lẹ́bi ọ̀ràn kankan rí. Kasíyé ni wọ́n ń pe ìwé náà níbí. Ìparí oṣù Kẹrin ni wọ́n dá fún mi.

Ẹ̀yin náà ti mọ ibi tí mò ń lọ. Ọdún kejìlá rèé tí Ìyá Ọláídé, ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́, mú mi dé kóòtù pé mo jí léèsì oníbàárà. Ẹ̀yin àgbà parí ọ̀rọ̀ náà lójúde Lèmọ́ọ̀mù kí ọjọ́ ìgbẹ́jọ́ kejì tó pé. Lẹ́yìn náà ni ẹ ní ọ̀gá mi tún ti padà lọ sí kóòtù, ni ẹ bá fi mí sínú bọ́ọ̀sì Abidjan, ẹ ní n kò gbọdọ̀ tẹ ilẹ̀ Ẹ̀jìgbò mọ́. Láti ìgbà náà, mi ò mọ ohun tí ìwé kóòtù sọ nípa mi. Bí mo bá béèrè ìwé ọlọ́pàá, tí orúkọ mi wá jáde bí olè ńkọ́? Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá, ẹ bá mi dé kóòtù, kí ẹ béèrè ohun tó wà nínú fáìlì yẹn. Mo fẹ́ mọ̀ kí n tó tẹ̀ka fún ẹnikẹ́ni.

Èmi ọmọ yín,
Mùtmàínà


Ẹ̀jìgbò
Ọjọ́ kọkànlélógún, oṣù Kìíní, ọdún 2025

Mùtmàínà, Àjíkẹ́ mi,

Mo kí ọ, mo kí Kàdíjà. Sọ fún un pé ewúrẹ́ mi mọ orúkọ rẹ̀ dáadáa, ìgbà tó bá wà nínú oko olóko nìkan ni kì í dáhùn. Ṣúẹ́tà rẹ ló wà lọ́rùn mi bí mo ṣe ń kọ̀wé yìí. Ó fún mi lábíyá. Télọ̀ wo lo wá jẹ́ tí o ò mọ ìwọ̀n bàbá rẹ?

Inú mi dùn sí iṣẹ́ yẹn. Ká ní ìyá rẹ wà láyé ni, gbogbo àdúgbò ni ì bá ti gbọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kóòtù yìí, fi í sílẹ̀. Ta ló ń ti ọwọ́ ara rẹ̀ bọ ilé agbọ́n? Èmi Làmídì mẹkáníìkì, kí n wọ agbádá, kí n wọ kóòtù lọ, kí n ní, "Ẹ jọ̀ọ́, mo wá wo ẹjọ́ ọmọ mi tó sá lọ"? Wọn á fún mi ní àga ni, wọn á ní kí n jókòó síbẹ̀ títí o ó fi dé. Lọ́yà àti ọlọ́pàá nìkan ló ń rí fáìlì kóòtù. Kì í ṣe ìwé ìròyìn.

Má tilẹ̀ dárúkọ obìnrin yẹn fún mi. Mò ń gba iwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ lọ sí mọ́ṣáláṣí lójoojúmọ́. Á dìde, á ní, "Ẹ káàárọ̀, Bàbá Mùtmàínà." Màá ṣe bí ẹni pé etí mi tí ẹ́ńjìnnì ti bà jẹ́ ni kò gbọ́. Ọdún méjìlá nìyẹn. Ó parọ́ mọ́ ọmọ mi, síbẹ̀ mo dọ̀bálẹ̀ fún un lójúde Lèmọ́ọ̀mù, èmi tí mo jù ú lọ. Mo ra léèsì mìíràn fún oníbàárà rẹ̀. Ó gbà, ó ní ó tán. Nígbà tí ọjọ́ ìgbẹ́jọ́ pé, a jókòó sílé nítorí pé ọ̀rọ̀ ti tán. Àfi bí Wàhábì ọlọ́kadà ṣe yà sílé wa, tó ní òun ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé obìnrin náà dé ẹnu ọ̀nà kóòtù ni. Kí ló lọ ṣe níbẹ̀? Ṣé ó lọ ra mọ́sà ni?

Wá iṣẹ́ mìíràn tí kò béèrè ìwé. Ọlọ́run á pèsè.

Èmi ni bàbá rẹ,
Làmídì


Adjamé, Abidjan
Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù Kejì, ọdún 2025

Bàbá mi,

Ẹ kú ìmúra ààwẹ̀. Mo rí lẹ́tà yín gbà. Mo rẹ́rìn-ín nígbà tí mo dé ibi mọ́sà, lẹ́yìn náà mo sunkún.

Iṣẹ́ tí kò béèrè ìwé ni mo ti ń ṣe láti ọdún méjìlá, Bàbá. Nígbà tí ara Ìyá mi kò yá, ẹ ní kí n má wá. Nígbà tí wọ́n kú, ẹ ní kí n má wá. Wọ́n sin wọ́n, mi ò rí ojú wọn. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni mo ní kí ẹ bá mi béèrè nǹkan, ẹ sì kọ̀. Ó dùn mí gan-an.

Mo béèrè lọ́wọ́ obìnrin kan ní ẹ́ńbásì wa. Ó ní ọ̀tọ̀ ni ìwé ọlọ́pàá, ọ̀tọ̀ ni ti kóòtù. Ti ọlọ́pàá, ẹni tó ni orúkọ ló ń béèrè fún un, á tẹ̀ka, wọ́n á fi ìka náà wá a. Ti kóòtù, gbangba ni wọ́n ti gbọ́ ẹjọ́ náà, nítorí náà ẹnikẹ́ni lè kọ̀wé pé òun fẹ́ wò ó. Ó ní kò sí ẹni tó ń mú ẹni tó wá béèrè.

Ohun kan tún wà tí mi ò sọ fún yín rí. Ìyá Ọláídé kò mọ̀ọ́mọ̀ parọ́ mọ́ mi. Iléyá ku ọjọ́ mẹ́rin lọ́dún yẹn, iṣẹ́ wà nílẹ̀ rẹpẹtẹ, wọ́n ní kí n lọ aṣọ. Ẹyin iná ti pọ̀ jù nínú áyọ́ọ̀nù eléèédú wa. Bí mo ṣe gbé e lé léèsì oníbàárà náà báyìí, ó jó, ihò rẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́ mi. Ẹ̀rù bà mí. Mo ká aṣọ náà sínú ọ̀rá, mo lọ jù ú sínú ṣáláńgá, mo dé, mo ní mi ò rí i. Kí ni ọ̀gá mi ì bá rò ju pé mo ti tà á? Mi ò jalè, ṣùgbọ́n mo purọ́. Mo jẹ́ kí ẹ dọ̀bálẹ̀ lórí irọ́ mi, mo sì jẹ́ kí ẹ máa bínú sí wọn títí di òní.

Ẹ dárí jì mí, Bàbá. Bí ẹ ò bá sì lè dárí jì mí, ẹ ṣáà bá mi lọ.

Mùtmàínà


Adjamé, Abidjan
Ọjọ́ kẹwàá, oṣù Kẹta, ọdún 2025

Bàbá mi,

Ẹ kú ààwẹ̀, Ọlọ́run á gbà á.

Mátíásì ti lọ, ó ti bọ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, kò sí lẹ́tà kankan lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní kò sí ohun tó ṣe yín. Ó ní ẹ kàn gba lẹ́tà mi, ẹ kà á lórí ìdúró, ẹ fi í sápò, ẹ sì wọlé láìdágbére. Bí ẹ bá fẹ́ bú mi, ẹ bú mi. Ìdákẹ́jẹ́ yín dùn mí ju èébú lọ.

Ọkùnrin kan wà níbí tó ń jẹ́ Gbọ́láhàn. Ó ní òun lè ṣe ìwé ọlọ́pàá fún mi láàárín ọjọ́ méjì, pẹ̀lú òǹtẹ̀ àti gbogbo ohun tó yẹ, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni ṣí fáìlì kankan wò. Mo mọ̀ pé ayédèrú ni. Mi ò fẹ́ ẹ. Ṣùgbọ́n ilé ìwé yẹn kò ní dúró dè mí, Kàdíjà sì ti ń sọ fún gbogbo ayé pé ibẹ̀ ni òun ń lọ. Bí mi ò bá gbúròó yín kí ààwẹ̀ tó parí, màá ní kí ó ṣe é.

Mùtmàínà


Ẹ̀jìgbò
Ọjọ́ kẹrìnlélógún, oṣù Kẹta, ọdún 2025

Mùtmàínà,

Sọ fún Gbọ́láhàn yẹn kí ó lọ wá iṣẹ́ gidi ṣe. O fi irọ́ bo aṣọ tó jó, a ṣì ń jìyà rẹ̀ lọ́wọ́, o tún fẹ́ lọ fi ayédèrú bo irọ́. Ta lo fi jọ nínú ilé wa?

Mo bínú. Jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ìyẹn. Lọ́jọ́ tí mo ka ọ̀rọ̀ ṣáláńgá yẹn, mi ò lè jẹun. Kì í ṣe nítorí léèsì. Gbogbo ẹni tí mo ti bá jà nítorí rẹ ni mò ń kà lọ́kàn. Mo mú bírò lẹ́ẹ̀mẹrin, èpè ló ń wá sí mi lẹ́nu, mi ò sì fẹ́ gbé ọmọ mi ṣépè, ni mo bá gbé bírò sílẹ̀. Ìdí tí mo fi dákẹ́ nìyẹn.

Nígbà tí ọ̀rọ̀ Gbọ́láhàn dé, mo rí i pé ìdákẹ́ mi fẹ́ bí ọmọ burúkú. Mo wẹ̀, mo wọ agbádá, mo kọrí sí kóòtù lọ́jọ́ Ajé tó kọjá. Mo sọ fún àbúrò mi pé bí mi ò bá dé títí ìrun ọ̀sán, kí ó wá gba béèlì mi.

Akọ̀wé kan tí irun rẹ̀ ti funfun ni mo bá níbẹ̀, Ọ̀gbẹ́ni Olújídé. Ó béèrè nọ́ńbà ẹjọ́. Mi ò ní in. Ó béèrè oṣù àti ọdún. Mo ní ọ̀sẹ̀ Iléyá, lọ́dún 2012. Ó wo fóònù rẹ̀, ó ní oṣù Kẹwàá nìyẹn. Mo wá dúró gbagidi, mò ń retí kí ó ní, "Ọmọ ọ̀hún dà?" Kò bi mí. Ó ní kí n kọ̀wé ránpẹ́, kí n kọ orúkọ mi, orúkọ ẹni tó jẹ́jọ́ àti ìdí tí mo fi fẹ́ rí i, kí n sì san owó ìwádìí tí ìjọba là sílẹ̀, kí n gba rìsíìtì. Mo ní, "Ẹ dákun, ṣé kì í ṣe lọ́yà nìkan ló ń wò ó?"

Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Baba, wọn ò tilẹ̀kùn lọ́jọ́ tí wọ́n gbọ́ ọ. Bí ẹ bá jókòó síbẹ̀ lọ́jọ́ náà, ẹ̀ bá ti gbọ́ ọ tán. Kí ló máa wá ní kí ẹ má kà á lónìí?" Ó ní ó ní irú ẹjọ́ tí wọ́n ń bò, bíi ti ọmọdé, ṣùgbọ́n tiwa kò sí lára wọn. Kí n padà wá ní Ọjọ́bọ̀.

Mo padà lọ ní Ọjọ́bọ̀. Òyìnbó ni wọ́n fi kọ ọ́, ó wá ń túmọ̀ rẹ̀ fún mi. Nítorí etí mi yìí, àfi kí ó máa pariwo, gbogbo ẹni tó wà nínú yàrá yẹn ló bá mi gbọ́ ẹjọ́ rẹ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Obìnrin kan tó wá ṣe ìwé ìbúra tilẹ̀ sún àga rẹ̀ mọ́ wa. Ọjọ́ tí mo ti ń sá fún láti ọdún méjìlá, ó dé, kò sì pa mí.

Ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ rèé. Lọ́jọ́ kẹfà, oṣù Kọkànlá, ọdún 2012, olùjẹ́jọ́ kò sí ní kóòtù. Olùfisùn wà níbẹ̀. Olùfisùn náà, Ọmọpẹ́ Adéwọ̀yìn, télọ̀, sọ fún adájọ́ pé: "A ti parí ọ̀rọ̀ yìí nílé. Bàbá rẹ̀ tó jù mí lọ dọ̀bálẹ̀ fún mi, ojú tì mí. Ọmọ mi ni ọmọ náà. Mi ò fẹ́ kí orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé ìjọba. Mo wá bẹ̀ yín kí ẹ pa ẹjọ́ náà tì." Adájọ́ bi ọlọ́pàá tó gbé ẹjọ́ wá, ìyẹn náà ní kò burú. Wọ́n fagi lé e. Kò sí ẹ̀bi, kò sí fáìnì, kò sí pé wọ́n ń wá ọ. O ò jẹ́ olè nínú ìwé ẹnikẹ́ni, Àjíkẹ́ mi.

Mo ní kí ó tún un kà. Ó tún un kà.

Ohun tí Ìyá Ọláídé lọ ṣe ní kóòtù nìyẹn. Àwa àgbà gbogbo tó wà lójúde Lèmọ́ọ̀mù, a pín obì, a ṣàdúrà, a ní ó tán. Kò sí ẹnì kan nínú wa tó rò ó pé kóòtù kò sí níbẹ̀ pẹ̀lú wa, pé ó yẹ kí ẹnì kan lọ sọ fún wọn. Òun nìkan ló rò ó. Èmi sì fi ọ́ sínú bọ́ọ̀sì nítorí ohun tí ọlọ́kadà rí. Fáìlì yẹn wà níbẹ̀ láti ọjọ́ náà, mo lè fi ẹsẹ̀ rìn débẹ̀ kí ìrẹsì tó jinná lórí iná. Mi ò lọ. Èmi ni mo ní kí o má wá sin ìyá rẹ. Ìwọ jẹ̀bi irọ́, èmi jẹ̀bi agídí. Dárí jì mí, ọmọ mi.

Láti kóòtù, mi ò yà sílé. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ni mo gbà lọ. Bí ó ṣe fẹ́ dìde kí mi báyìí, mo ti ṣáájú rẹ̀: "Ẹ kú iṣẹ́, Ìyá Ọláídé." Sísọ́ọ̀sì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Mo ní, "Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún mi?" Ó ní, "Bàbá Mùtmàínà, mo wá sílé yín lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ yẹn, ẹ ní kí wọ́n ní ẹ ò sí nílé. Mo gbọ́ ohùn yín láti inú yàrá." Òótọ́ ni, mo rántí. Mo sọ ti áyọ́ọ̀nù àti ṣáláńgá fún un. Ó káwọ́ lérí. Ó ní, "Áyọ́ọ̀nù burúkú yẹn! Ó jó gèlè tèmi náà lọ́dún kejì. Kí ló dé tí ọmọ yìí ò sọ fún mi?" Mo ní ẹ̀rù rẹ̀ ló bà ọ́. Ó ní, "Ẹ̀rù èmi Ọmọpẹ́?" Ó ń rẹ́rìn-ín, omi ń bọ́ lójú rẹ̀.

Ó ní nínú gbogbo ọmọ tó kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ òun, ìwọ nìkan ni òun ò ṣe fríídọ̀ọ̀mù fún. Ó ní ọmọ tí ọ̀gá rẹ̀ kò tíì gbàdúrà lé lórí lójú ẹlẹ́rìí, ọmọ iṣẹ́ ló ṣì jẹ́. Ó ní iṣẹ́ ń dúró dè ọ́ ní ṣọ́ọ̀bù.

Ìwé tí kóòtù tẹ òǹtẹ̀ lé wà nínú àpò ìwé yìí. Olújídé ní kì í ṣe òun ni ilé ìwé ń béèrè o. Ti ọlọ́pàá ni wọ́n fẹ́, ìka ọwọ́ tìrẹ ni wọ́n sì máa fi wá a. Èyí jẹ́ kí ọkàn rẹ lè balẹ̀.

Làmídì, bàbá rẹ


Adjamé, Abidjan
Ọjọ́ kẹrin, oṣù Kẹrin, ọdún 2025

Bàbá mi, Bàbá mi,

Ẹ kú ọdún o, ẹ kú ìyèdún. Mi ò lè dúró kí n délé. Inú gáréèjì níbẹ̀ ni mo ti já lẹ́tà yín, níwájú Mátíásì. Nígbà tí omi ń dà lójú mi, ó bọ́ fìlà, ó rò pé ẹnì kan ló kú. Mo ní kí ó dé fìlà rẹ̀ padà.

Ẹ ní kí n dárí jì yín. Ta ló ń dárí ji bàbá rẹ̀? Ṣùgbọ́n mo ti purọ́ fún yín tó, mi ò ní purọ́ mọ́: ọ̀rọ̀ Ìyá mi ṣì ń dùn mí. Mo fẹ́ dé ibi sàréè wọn kí n sunkún mi tán. Ẹ jẹ́ kí á jọ lọ.

Mo ti sọ fún Gbọ́láhàn pé mi ò ṣe mọ́. Mo lọ bá ọ̀gá ilé ìwé, mo rò ó fún un bó ṣe jẹ́, áyọ́ọ̀nù, ṣáláńgá, gbogbo rẹ̀. Mo rò pé á lé mi jáde. Ó ní bí ìwé ọlọ́pàá bá ti dé kí oṣù tó parí, iṣẹ́ náà tèmi ni, ṣùgbọ́n ohun àkọ́kọ́ tí òun fẹ́ kí n kọ́ àwọn ọmọ náà ni pé ẹni tó bá jó aṣọ kí ó wí. Mo ti ra áyọ́ọ̀nù oníná kan fún ọ̀gá mi. Ẹ má tíì sọ fún wọn.

Obìnrin ẹ́ńbásì ní kò pọn dandan kí n rìnrìn àjò. Àwọn lè tẹ ìka mi níbí, kí àwọn fi í ránṣẹ́ sílé. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo ní rárá. Ọdún méjìlá ni mo fi ń sá bí mo bá ti rí aṣọ ọlọ́pàá. Ọ́fíìsì ọlọ́pàá ní Òṣogbo ni mo fẹ́ lọ tẹ̀ ẹ́, lójú ọ̀sán gangan. Mo fẹ́ kí wọ́n bi mí ní orúkọ mi àti orúkọ bàbá mi, kí n dáhùn sókè.

Èmi àti Kàdíjà ti gba àyè nínú bọ́ọ̀sì Mátíásì ti ọjọ́ Àìkú tó ń bọ̀ yìí. Ó ní bí àwọn ará ibodè kò bá dá wa dúró jù, Ọjọ́rú la ó wọ Ẹ̀jìgbò. Ẹ má wá dúró nínú oòrùn ní gáréèjì, Bàbá. Ẹ dúró dè wá ní ṣọ́ọ̀bù Ìyá Ọláídé. Ibẹ̀ la máa kọ́kọ́ yà.

Èmi ọmọ yín,
Mùtmàínà